Ohùn Ìyá Nínú Dísìkì

Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, ọ̀rọ̀ ewì, oríkì, àṣà ìbílẹ̀ àti àlọ́ ni a sábà máa ń kà. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí ẹnu ya àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé nígbà tí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni èmi gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé náà kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, n kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ohun tí ó sì gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹkún ìyàwó lọ.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé láàrin àwọn Ọ̀yọ́, ọmọge tí ń lọ sí ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó láyé àtijọ́, a máa fi dágbére fún bàbá àti ìyá rẹ̀, a sì máa fi tọrọ ìre lọ́wọ́ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá tí wọ́n sun ún lọ́jọ́ ìgbéyàwó tiwọn ti di arúgbó báyìí. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí ohùn irú àwọn ìyá wọ̀nyí. Mo lọ sí abúlé kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì gba ẹkún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sílẹ̀. Méjìdínlógún àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ olùkọ́ mi. Mẹ́sàn-án tí ó kù, èyí tí mo gbà ní ìrìn-àjò kẹta, kò ì tíì pé ọjọ́ méjì nínú kọ̀ǹpútà mi nígbà tí dísìkì rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi gba ohùn náà, àyálò ni. Ẹni tí ó ni ín ti gbà á padà, ó sì ti ń fi í gba ohùn tirẹ̀. Nínú mẹ́sàn-án yìí ni ohùn ìyá kan wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, ẹni tí ó fi nǹkan bí ìdajì wákàtí sun ẹkún láìsinmi, tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó tì wá tí wọ́n ń wò ó bí ẹni pé wọn kò rí i rí.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, àlòkù ni mo rà á, Linux ni ó sì wà lórí rẹ̀. Linux ni Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 1991, nígbà tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, tí kò sì ju ẹni ọdún mọ́kànlélógún lọ. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í béèrè agbára púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí ó ti dàgbà. Ìdí méjèèjì yìí tó fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tún mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kì í fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Bí nǹkan bá ṣe é, yóò wí. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín láti gbọ́ èdè rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyí. Mo ń da ọ̀rọ̀ ẹkún kọ sílẹ̀, mo ní kí ẹ̀rọ bá mi fi iṣẹ́ mi pamọ́, ó kọ̀. Ó ní "Read-only file system". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé dísìkì ti di ohun tí a lè kà, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ nǹkan sí. Ariwo kan sì ń jáde láti inú ẹ̀rọ náà, kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí aláǹgbá tí ń fi èékánná ha páànù.

Ní ilé àwa akẹ́kọ̀ọ́, dókítà kọ̀ǹpútà pọ̀ ju aláìsàn lọ. Ọ̀kan ní fáírọ́ọ̀sì ni. Èkejì ní kí n pa á, kí n tún un tàn, kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi gbọ́. Ẹ̀kẹta ní kí n nu gbogbo ohun tí ó wà lórí dísìkì nù kí n bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni ó fi sọ ọ́, bí ẹni tí ń dámọ̀ràn pé kí a gé orí tí ń fọ́ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo gbé kọ̀ǹpútà mi, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tí ń kọ́ nípa ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dísìkì mi ni kò gba nǹkan mọ́."

"Ṣé o ti pa á, o tún un tàn?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti fi fsck tún un ṣe?"

"N kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

"O káre. Jókòó. Kí ni ó wà nínú rẹ̀?"

Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà náà, ó wò mí. "Bí ó bá jẹ́ ohùn àwọn arúgbó ni, a kò ní tún dísìkì yìí ṣe rárá. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a máa kó jáde."

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yé mi lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ìkàwé wa ṣe àkàwé. Ohun méjì ni ó lè bá ilé ìkàwé jẹ́. Ó lè jẹ́ pé ikán ni ó ń jẹ pákó tí a to ìwé sí. Ó sì lè jẹ́ pé pákó le koko, ìwé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti da àwọn káàdì tí ó ń sọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà rú. Ikán jíjẹ ni àìsàn dísìkì fúnra rẹ̀. Káàdì dídàrú ni àìsàn ètò tí a fi to fáìlì. Lójú ẹni tí ń wá ìwé, ọ̀kan náà ni méjèèjì: kò rí ìwé. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn kò jọ ara wọn rárá. Àṣẹ fsck tí gbogbo ènìyàn ń sáré lò, títo káàdì ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá gbé e sí orí dísìkì tí ikán ń jẹ, yóò máa rìn síwá sẹ́yìn lórí pákó tí ó ti jẹrà, yóò máa kọ nǹkan sí i, káàdì tí kò bá sì lè kà, ó lè yọ ọ́ sọnù.

Báwo ni a ṣe ń mọ èyí tí ó jẹ́? Linux a máa kọ ohun gbogbo tí ó bá rí sílẹ̀, àṣẹ dmesg ni a sì fi ń kà á. Ẹ̀gbọ́n mi pè é, ọ̀rọ̀ tú jáde. Ó fi ìka sí ìlà kan tí ó ní "Buffer I/O error on dev sda2". Bí a bá rí irú èyí, ó ní, dísìkì fúnra rẹ̀ ni ó ń ké: wọ́n ní kó ka ibì kan, kò lè kà á. Bí ó bá jẹ́ ìlà tí ó ní "EXT4-fs error" nìkan ni a rí, tí kò sí igbe dísìkì lẹ́yìn rẹ̀, a lè fura pé káàdì ni ó dàrú. Méjèèjì wà nínú tèmi, tẹ̀lé ara wọn, ìgbẹ̀yìn wọn sì ni "Remounting filesystem read-only". Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kíkọ̀ tí kọ̀ǹpútà mi kọ̀ kì í ṣe oríkunkun. Ó rí i pé nǹkan ń bàjẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé wá ba ìyókù jẹ́.

Dísìkì òde òní sì tún máa ń kọ ìwé àìlera tirẹ̀ fúnra rẹ̀. SMART ni wọ́n ń pe ìwé náà, smartctl ni a fi ń ṣí i. Nígbà tí a ṣí tèmi, ohun tí a kọ́kọ́ bá níbẹ̀ ni "PASSED", pé ara rẹ̀ le. Inú mi dùn. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí ń wúkọ́ ni ó ń sọ pé ara òun le yìí. Wo ìsàlẹ̀." Ní ìsàlẹ̀, nọ́ńbà 5 ń ka iye ojú ibi tí dísìkì ti pa tì tí ó sì ti fi àfikún ààyè rẹ̀ rọ́pò, nọ́ńbà 197 ń ka iye ojú ibi tí kò lè kà, tí kò sì tíì mọ ohun tí yóò ṣe sí wọn. Nọ́ńbà 5 tèmi jẹ́ 112, nọ́ńbà 197 jẹ́ 56. Dísìkì tí ara rẹ̀ dá ṣáká, òdo ni ó yẹ kí méjèèjì jẹ́. Ó tún wo nọ́ńbà 199, èyí tí ó sábà máa ń ga bí ó bá jẹ́ wáyà tí ó so dísìkì mọ́ ẹ̀rọ ni kò dára. Òdo ni ìyẹn. Ká ní ó ga ni, a kì bá ti pààrọ̀ wáyà ná kí a tó ronú ohun mìíràn.

(Ẹnìkan nínú kíláàsì wa gbọ́ ìtàn yìí, ó sì gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá pé irú àìsàn mi ni ó ń ṣe òun náà, nítorí pé ó ń wí fún òun pé kò sí ààyè mọ́, nígbà tí ìdajì dísìkì ṣófo. A fi àṣẹ df -i wò ó. Nọ́ńbà tí a ń fún fáìlì ni ó tán, kì í ṣe ààyè: fáìlì wẹ́wẹ́ tí kò níye ni ètò kan ti ń dá sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. A pa wọ́n rẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.)

Ètò tí a fi kó tèmi jáde ni ddrescue. Wọ́n fi Linux mìíràn tí ó wà lórí fláàṣì tan kọ̀ǹpútà náà, kí a má bàa sún dísìkì aláìsàn yẹn ṣe iṣẹ́ kankan. A yá dísìkì mìíràn tí ó gba terabyte 2, a so ó mọ́ ọn láti ìta, ẹ̀gbọ́n mi sì kọ àṣẹ yìí:

ddrescue -d -r3 /dev/sda2 aworan.img aworan.map

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí a ń kó nǹkan kúrò nínú rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ, èyí tí a ń kó o sí ni ó ń tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá yí wọn padà, òfìfo ni yóò dà lé ẹ̀kún lórí.

Ọgbọ́n tí ddrescue ń lò dà bí ti ẹni tí ń jẹ ẹ̀kọ gbígbóná láti etí àwo. Ibi tí ó bá rọrùn ni ó kọ́kọ́ ń kà, ó ń fo ibi tí ó le kọjá, nítorí pé bí dísìkì bá kú kí iṣẹ́ tó parí, ó sàn kí a ti rí ọ̀pọ̀ kó. Nígbà tí ó bá kó ìrọ̀rùn tán, ó padà sí àwọn ibi líle, ó ń ha wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ìkẹyìn ni ó tún wá dán wọn wò lẹ́ẹ̀mẹta, bí a ti ní kó ṣe. Ó sì ń kọ ibi tí ó dé sínú fáìlì kejì, èyí tí a pè ní aworan.map. Fáìlì kékeré yìí ni ó gbà wá. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ náà, bátìrì kọ̀ǹpútà mi kò sì lè gbé e fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí iná bá dé, àṣẹ kan náà ni a ń tẹ̀, yóò sì mú iṣẹ́ láti ibi tí ó fi í sí. Bí àwọn ọmọ ilé ti ń pariwo pé iná dé, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń sáré lọ sí ìdí ẹ̀rọ.

Títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Nínú ohun tí ó lé ní 400 gigabyte, ohun tí kò ṣeé kà kò ju 245 kilobyte lọ, ojú ibi 60 péré. Mo fò sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fara balẹ̀, pé ó kù kí a mọ ilé ẹni tí ojú ibi ọgọ́ta náà bọ́ sí.

Ìgbà yìí ni ó tó kan fsck, tí orúkọ rẹ̀ gan-an fún ext4 ń jẹ́ e2fsck. Lórí ẹ̀dà ẹ̀dà sì ni a ti lò ó, kì í ṣe lórí ẹ̀dà àkọ́kọ́. A ti kọ́kọ́ fi -n sí i, kí ó wí ohun tí ó rí láìfọwọ́ kan nǹkan.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú. Nínú ext4, tí a kà sí ohun tí ó gbó dáadáa fún lílò láti ọdún 2008, fáìlì kò ní orúkọ nínú ara rẹ̀. Nọ́ńbà ni ó ní, inode ni wọ́n sì ń pe ìwé kékeré tí nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí: ó mọ bí fáìlì ti tóbi tó, ẹni tí ó ni ín, àti ojú ibi tí ara rẹ̀ wà lórí dísìkì. Orúkọ wà lọ́tọ̀, nínú àkójọ tí ń sọ pé ẹni tí ń jẹ́ báyìí, nọ́ńbà báyìí ni. Fáìlì kan ṣoṣo lè ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ọmọ wa ti lè jẹ́ Àìná láti ọ̀run wá, kí ìyá bàbá rẹ̀ máa kì í ní Àdùkẹ́, kí wọ́n sì máa pè é ní Fúnmiláyọ̀ nílé ìwé. Ènìyàn kan náà ni. Inode a máa ka iye orúkọ tí fáìlì ní. Ìgbà tí iye yìí bá di òdo, tí kò sì sí ètò tí ń lò ó mọ́, Linux gbà pé kò sí ẹni tí yóò pè é mọ́, a gba ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. N kò mọ olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kan tí ó lè fi bí orúkọ ti jìnnà sí ohun tí a fi í pè hàn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú ibi kan ṣoṣo, 4096 byte, ni ó bọ́ sí àárín àkójọ orúkọ ìrìn-àjò mi kẹta. Àkójọ náà di òfìfo. Fáìlì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà láàyè, nọ́ńbà wọn wà, ara wọn wà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń pè wọ́n lórúkọ. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni e2fsck ń béèrè: "Unattached inode. Connect to /lost+found?" Ọ̀rọ̀ náà orphan, ọmọ òrukàn, wà nínú èdè wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyẹn ni fáìlì tí a ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nígbà tí ètò kan ṣì dì í mú. Tèmi kì í ṣe òrukàn. Ọmọ tí ó sọnù lọ́jà ni, tí a mú lọ sí ilé ọba kí àwọn òbí rẹ̀ wá wò ó. A dá e2fsck lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, wọ́n sì tò sínú lost+found pẹ̀lú nọ́ńbà lórí, kò sí orúkọ.

Àṣẹ tí ń jẹ́ file ni ó yẹ̀ wọ́n wò lójú. Kì í wo orúkọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ara fáìlì ni ó ń kà, nítorí pé fáìlì ohùn irú tèmi a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin RIFF. Ohùn ni mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Nípa ta ni ó ni èwo, ẹ̀kọ́ tiwa ni ó yanjú ìyẹn: olùkọ́ wa a máa tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí ó bá ń gba ohùn gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ, ibi àti ọjọ́ kí olóhùn tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi gbohùngbohùn sétí, mo ń gbọ́ ohùn ara mi tí ń wí pé ìyá báyìí ni èyí, mo sì ń sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìṣòro kan tí ó kan àwa Yorùbá tún yọjú, n kò sì lè ṣe kí n má sọ ọ́ níbí. Mo bá fáìlì méjì nínú àpò kan náà tí orúkọ àwọn méjèèjì jẹ́ Ẹ̀kún-Òkè, lẹ́tà sí lẹ́tà, àmì sí àmì. Mo rò pé ètò ti ya wèrè. Kò ya wèrè. Lẹ́tà Ẹ̀ ṣeé kọ ní ju ọ̀nà kan lọ nínú kọ̀ǹpútà: a lè lo Ẹ tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára tẹ́lẹ̀ kí a wá fi ohùn lé e, a sì lè lo E lásán kí a fi àmì ìsàlẹ̀ àti ohùn kún un lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú kò mọ ìyàtọ̀. Ext4, bí a ti sábà ń lò ó, kì í ka èdè rárá, iye byte ni ó ń wò, lójú tirẹ̀ orúkọ méjì ni wọ́n. Tẹlifóònù mi kọ ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kọ èkejì. Ẹ̀yin tí ń fi àmì ohùn pe fáìlì, ẹ fi ojú sí i.

Àwọn kan bi mí pé ṣebí Linux ní journal, kí ni kò jẹ́ kí ó gbà mí? Journal dà bí ìwé kékeré tí oníṣòwò fi ń ṣe àkọsílẹ̀ sáré kí ó tó gbé e lọ sínú ìwé ńlá. Bí iná bá lọ lójijì, Linux yóò wo ìwé kékeré náà nígbà tí ó bá padà dé, yóò sì parí ohun tí ó ń ṣe. Lọ́wọ́ iná tí ń lọ tí ń bọ̀, oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ikán bá jẹ ìwé ńlá, ìwé kékeré kò lè dá a padà.

Ojú ibi ọgọ́ta náà, ọ̀kan ni mo ti sọ. Mẹ́rìndínlógún bọ́ sí ilẹ̀ òfìfo. Mẹ́tàlélógójì tí ó kù bọ́ sínú fáìlì kan ṣoṣo, ó sì jẹ́ ti ìyá àgbà yẹn. Mẹ́tàlélógójì lọ́nà 4096 byte, nǹkan bí 176 kilobyte ni. Bí mo ti gba ohùn náà, ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ 88 kilobyte. Ìṣẹ́jú àáyá méjì, nígbà náà. Mo lọ sí ibẹ̀ nínú fáìlì náà, mo gbọ́: ìyá ń ki ìdílé bàbá rẹ̀ bọ̀, ohùn rẹ̀ gòkè, ó fẹ́ dárúkọ ẹnìkan, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lọ, kò sí ariwo adìyẹ pàápàá tí ó wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ padà tí ó ń bá ẹkún rẹ̀ lọ.

Oṣù méjì kọjá kí n tó rí owó ọkọ̀ padà lọ láti bi í. Ìyá ti lọ. Wọ́n ti sin ín, àmì iyanrìn tútù wà lẹ́yìn ilé. Mo kí wọn kú àmúmọ́ra, mo jókòó, nígbà tí ó yá mo fi ohùn náà gbọ́ wọn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní orúkọ bàbá tí ó bí bàbá àwọn ni ó fẹ́ dá. Ọmọ rẹ̀ àgbà ní rárá o, pé ìyá òun kì í dá orúkọ náà nínú ẹkún láé, orílẹ̀ ni ó fẹ́ kì. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sun ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti mọ̀ ọ́n, mo sì tan ẹ̀rọ tí mo mú dání. Nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo kọ ohùn àwọn méjèèjì sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Níbi tí ọ̀rọ̀ ìyá fúnra rẹ̀ ti já, olùkọ́ mi ní kí n má fi ohunkóhun dí i: àmì tó-tó-tó mẹ́ta, àti iye àkókò rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá méjì.